Pọ́ńpù Tó Ń Dún Lóru, Kápẹ́ẹ̀tì Tó Ń Rin

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí èmi àti ọkọ mi ti ń gbé inú RV, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bí ilé. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí a bá ti sùn, pọ́ńpù omi á kàn dédé dún, á kùn díẹ̀, á sì dákẹ́. Tó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú, á tún dún. Kò sẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ omi kankan. Kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ti ń rin, ó sì ti ń rùn. Ọkọ mi ní pọ́ńpù ló ti gbó, pé ká ra tuntun. Òun náà ló yọ rẹ́gúlétọ̀ tó ń dín agbára omi kù kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ níta nígbà kan, ó ní kì í jẹ́ kí omi ṣáwà lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. — Ìyàwó Awakọ̀

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyàwó Awakọ̀. Ẹ ní kí ọkọ yín ṣì fi owó rẹ̀ sápò ná. Iṣẹ́ tí wọ́n rán pọ́ńpù yẹn ló ń jẹ́. Suwíìṣì kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń ṣọ́ prẹ́ṣọ̀ omi inú páìpù, ìyẹn agbára tí omi fi ń ti ara páìpù. Tí prẹ́ṣọ̀ bá ti gòkè tó, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 45 sí 55 psi (òṣùwọ̀n prẹ́ṣọ̀), suwíìṣì á pa pọ́ńpù. Tó bá wálẹ̀, á tún tàn án. Nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé bá wà ní títì, prẹ́ṣọ̀ kò ní ìdí kankan láti wálẹ̀. Bó bá wá ń wálẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú, omi ń bá ibì kan lọ, pọ́ńpù sì ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn yín lóru.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ dé orí rẹ́gúlétọ̀ tẹ́ ẹ yọ yẹn, nítorí mo fura pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹta tí mo ń gbé nínú tèmi, mo dé ibùdó RV kan nírọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ mí. Mo so róbà mọ́ ẹ̀rọ wọn láìfi rẹ́gúlétọ̀ sí i, mo ní bílẹ̀ bá mọ́ màá wá a jáde nínú àpótí. Plọ́ńbà ni mí o, iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jẹun! Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ "páà!" Ẹsẹ̀ tí mo sọ̀ kalẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì, inú omi ló bọ́ sí. Nọ́ọ̀tì oníke tó wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti là sí méjì. Mo sáré jáde lọ ti ẹ̀rọ, mo bá róbà tó ti wú bí ejò tó gbé eku mì. Kó tó di pé àwọn ará ibùdó jí, mo so géèjì tí a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà: 92 psi. Nígbà tó di ọ̀sán, tí oníkálukú ń wẹ̀ tí wọ́n ń fọṣọ, mo tún wò ó, ó ti bọ́ sí 58.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Lọ́sàn-án, gbogbo ènìyàn jọ ń pín omi lò ni. Lóru, kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, prẹ́ṣọ̀ á sì gòkè. Ẹni tó bá fi géèjì wo omi lọ́sàn-án tó ní "kò burú," òru ló máa dá a lóhùn. Géèjì kan wà tó lọ́wọ́ méjì, ọwọ́ kejì máa ń dúró síbi tí prẹ́ṣọ̀ ga dé jù lọ títí tẹ́ ẹ fi máa dá a padà. Irú rẹ̀ ni mo ń so sẹ́nu ẹ̀rọ mọ́jú báyìí.

Páìpù oníke tí wọ́n ń pè ní PEX, tó wà nínú ọ̀pọ̀ RV òde òní, lágbára gan-an: wọ́n ṣe é fún 160 psi tí omi bá tutù níwọ̀n 23°C, àti 100 psi tó bá gbóná dé 82°C. Ṣùgbọ́n páìpù kọ́ ló ń kọ́kọ́ bẹ́. Oríkèé rẹ̀ ni, nọ́ọ̀tì oníke, fáàfù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti róbà níta. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí omi tèmi kọjá 50 psi. Bó bá jẹ́ RV àtijọ́ tó ní páìpù oníke polybutylene aláwọ̀ eérú, èyí tí wọ́n ń lò láti bí 1978 títí di 1995, 40 ti tó o, ẹ má gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ ọkọ yín náà sì ní òótọ́ nínú. Àwọn rẹ́gúlétọ̀ idẹ kékeré tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí i, ihò inú wọn há. Wọ́n á dín prẹ́ṣọ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á tún fún omi lọ́rùn, ṣáwà á wá máa ṣe bí ìtọ̀ ọmọ ọwọ́. Èyí tó ní ìdè tẹ́ ẹ lè yí, tó sì ní géèjì lórí, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ inú ilé kẹ́ ẹ tó yí i, nítorí géèjì kì í sọ òtítọ́ nígbà tí omi bá ń lọ. Ẹnu ẹ̀rọ níta gan-an ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kí róbà náà lè jàǹfààní. Lẹ́yìn náà ni róbà, fílítà, kó tó kan ara ọkọ̀. Bí omi bá ṣì ń ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn èyí, ẹ tú àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu ṣáwà àti ẹnu ẹ̀rọ wò, ìyanrìn lè ti dí i pa. Ẹ wo fílítà tó ti pẹ́ náà, kẹ́ ẹ má baà dá rẹ́gúlétọ̀ lẹ́bi lásán.

Ó kan omi tó ń jò wàyí. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ibi tó rin ni wọ́n ń tú. Wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gé pákó, wọn ò ní rí nǹkan kan. Omi inú RV ń rìnrìn àjò. Ó ń tẹ̀lé páìpù, ó ń tẹ̀lé wáyà, ó ń gba abẹ́ pákó, ibi tí ọkọ̀ bá sì dagẹ̀rẹ̀ sí ló máa sùn. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ìhà wo ni ọkọ̀ wa tẹ̀ sí? Lódìkejì rẹ̀, lókè, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó dọ̀bálẹ̀ sí abẹ́ sínkì, ẹ yọ róbà níta, kẹ́ ẹ fi omi táńkì àti pọ́ńpù nìkan ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí pọ́ńpù kún páìpù kó sì pa ara rẹ̀. Ẹ nu inú àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí tó fi gbẹ pátápátá, kẹ́ ẹ tẹ́ tíṣù gbígbẹ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ dúró de pọ́ńpù. Bí tíṣù bá rin, fáàfù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń jẹ omi yín díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn lè mú pọ́ńpù dún, ṣùgbọ́n kò lè rin kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀tàn kejì ni fáàfù adènà inú pọ́ńpù, èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà sí táńkì. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, pọ́ńpù á máa dún láìsí ẹ̀kán omi kan nílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí tiyín ti ń rin kápẹ́ẹ̀tì, mi ò rò pé òun nìkan ni.

Lẹ́yìn èyí, tíṣù náà ni irinṣẹ́. Ẹ fi aṣọ nu gbogbo oríkèé páìpù tẹ́ ẹ bá lè fọwọ́ kàn títí tó fi gbẹ, kẹ́ ẹ fi tíṣù wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára pọ́ńpù fúnra rẹ̀: ife kékeré tó ní àwọ̀n níwájú rẹ̀ máa ń jò gan-an, gbígbọ̀n ọkọ̀ lójú ọ̀nà ń tú u. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn abẹ́ sínkì, ẹ̀yìn hítà omi, ṣáwà tó wà níta lára ọkọ̀ (ọ̀pọ̀ ló ti gbàgbé pé àwọn ní in), àti àwọn ihò tí a fi ń da omi dànù lábẹ́. Ẹ lọ sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, tíṣù tó bá rin á fi ara rẹ̀ hàn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe yára tó, ẹ so géèjì mọ́ ojú ṣáwà tó wà níta yẹn, kẹ́ ẹ pa pọ́ńpù, kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu ibi tí róbà ń wọlé kò dára fún èyí, fáàfù adènà wà níbẹ̀ náà, kò ní jẹ́ kí géèjì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ẹ wá ya hítà sọ́tọ̀ nípa yíyí àwọn fáàfù ẹ̀yìn rẹ̀. Bí géèjì bá dúró gbọn-in nígbà náà, ẹ̀yìn hítà ni ọ̀tá wà.

Àwọn nọ́ọ̀tì oníke tẹ́ ẹ máa rí, wáṣà róbà inú wọn ló ń dí omi. Tépù funfun tí a ń wé mọ́ ẹsẹ̀ ìdè kò wúlò níbẹ̀, ẹ ṣàánú ara yín. Ẹ fi ọwọ́ dè é, kẹ́ ẹ fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan sí i. Ẹni tó bá fi sípánà fún un bíi ti táyà á gbọ́ "kẹ́!", á sì ra òmíràn. Bó bá ṣì ń jò, ẹ pààrọ̀ wáṣà.

Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ da omi sínú sínkì nìkan ni ibẹ̀ ń rin, páìpù omi ìdọ̀tí ni, pọ́ńpù kò mọ̀ ọ́n rárá. Tó bá sì jẹ́ lẹ́yìn òjò, ẹ gùn òkè ọkọ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, hítà wa tó ń gba lítà 23 ń kán omi níta látẹnu fáàfù kan, pàápàá nígbà tó bá ń gbóná. Ṣé kí n fi nǹkan dí i? — Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn: Háà! Ẹ má dán an wò láéláé. Fáàfù yẹn ló wà láàárín ẹ̀yin àti bọ́ǹbù: ó ń ṣí tí omi bá dé 150 psi tàbí 99°C. Omi tó ń gbóná máa ń wú, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì wà lórí táńkì tó ń gbà á mọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ti tán, kò sí ibòmíràn tí omi lè sá sí ju ẹnu fáàfù lọ. Ẹ pa hítà, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ ti omi níta, ẹ pa pọ́ńpù. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kan nínú ilé, kẹ́ ẹ wá gbé ọwọ́ fáàfù sókè títí omi kò fi ní jáde mọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó padé. Ẹ ti ẹ̀rọ inú ilé, kẹ́ ẹ dá omi padà. Bó bá ṣì ń kán lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́ ẹ sì ti rí i pé prẹ́ṣọ̀ tó ń wọlé kò ga, fáàfù tuntun ni.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí táńkì omi mímọ́ wa fi ń kún fúnra rẹ̀, tó ń da omi sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, nígbà tí róbà bá wà lára rẹ̀? — Arìnrìn-àjò

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ọkọ̀ yín ní fáàfù tí a fi ń yí omi sí táńkì, bóyá ọmọdé ló ti yí i. Bó bá wà ní títì, ẹ yọ róbà tó ń fa omi wọ pọ́ńpù láti táńkì, nígbà tí omi níta ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ o. Bí omi bá ń tú jáde lẹ́nu pọ́ńpù, fáàfù adènà inú rẹ̀ kò dí mọ́. Ìdọ̀tí lásán ló máa ń jẹ́ nígbà mìíràn. Ẹ tú orí pọ́ńpù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Títí ẹ ó fi rí àyè ṣe é, ẹ máa ti omi níta nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde kúrò nílé.