Kí Ló Dé Tí Bọ́ọ̀lù Mi Ń Kúrú Bí Mo Bá Gbá A Lu Rọ́bà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti mọ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù púùlù tààrà sínú ihò, ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbá lu rọ́bà etí tábìlì kí ó tó padà wọ ihò kò gbà fún mi rárá. Wọ́n ní igun tí bọ́ọ̀lù bá fi wọ rọ́bà ni yóò fi jáde. Mo ń wo igun náà dáadáa, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù mi ń kúrú: ó ń padà wá lu rọ́bà kí ó tó dé ibi tí ihò wà. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Òfin tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ń ta lára dígí: ó wúwo, ó ń yí, rọ́bà tí ó lù sì máa ń tẹ̀ wọnú kí ó tó ta á padà. Agbára ọwọ́ yín ni mo fura sí ju ojú yín lọ. Bọ́ọ̀lù tí a rọra gbá yóò ti máa yí kí ó tó dé ìdí rọ́bà, yíyí náà kì í sì í tán lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ta padà, ìdí nìyí tí ọ̀nà rẹ̀ fi ń tẹ̀ díẹ̀, tí igun tí ó fi jáde sì ń fẹ̀. Èyí tí a fi agbára gbá kò ráyè yí. Ńṣe ni ó ń yọ̀ lórí aṣọ tábìlì, yóò rì wọnú rọ́bà, yóò sì jáde ní igun tí ó há ju èyí tí ó fi wọlé lọ. Kíkúrú tí ẹ wí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á fi àwọn àmì tó wà lára igi etí tábìlì ṣe àpẹẹrẹ. Lórí tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 9, ojú eré jẹ́ ínṣì 100 ní gígùn àti 50 ní ìbú, ínṣì 12.5 sì ni ó wà láàárín àmì kan sí èkejì. Bí bọ́ọ̀lù bá wà nítòsí rọ́bà kan náà tí ihò àárín (èyí tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ gígùn tábìlì) wà, tí ó sì fi àmì 2 jìnnà sí ihò náà, ìdajì ọ̀nà ni kí ó ti lu rọ́bà òdìkejì, ìyẹn ibi tí ó kọjú sí àmì 1 sí ihò àárín. Bí ó bá wà ní agbede-méjì ìbú tábìlì ńkọ́, tí ó jìnnà sí ihò yẹn ní àmì 3? Ó sún mọ́ rọ́bà tí yóò lù ní ìlọ́po méjì ju ihò lọ, nítorí náà yóò lu rọ́bà lẹ́yìn tí ó bá ti rin àmì 1, yóò sì ku àmì 2 kí ó dé ihò.

Ẹ kíyè sí i pé ibi tó kọjú sí àmì ni mo wí, n kò sọ pé kí ẹ fojú sun àmì náà gan-an. Ara igi ni àmì wà, lẹ́yìn rọ́bà. Bọ́ọ̀lù tí ń lọ síbẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ yóò ti lu rọ́bà kí ó tó kọjú sí i. Èyí náà ń mú un kúrú, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́.

Ní ti ìdánrawò, agbára ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ẹ lẹ sítíkà kékeré mọ́ aṣọ tábìlì níbi tí bọ́ọ̀lù wà, kí ẹ máa dá a padà síbẹ̀, kí ẹ sì gbá a títí yóò fi máa dé ojú kan náà, ìbáà má wọ ihò. Ibi tí ẹ ń sun ni kí ẹ yí padà lẹ́yìn náà, kí ẹ má ṣe fi kún agbára. Ẹ kọ́kọ́ mú èyí tí bọ́ọ̀lù funfun, èyí tí a ń fi ọ̀pá gbá lu àwọn yòókù, yóò ti gbá a ní àárín gbùngbùn, torí gbígbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń fún un ní yíyí tí ń da igun rú. Ṣùgbọ́n bí igun bá há jù, funfun lè dúró sójú ọ̀nà kí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ padà wá kọlù ú. Irú èyí, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Bí ẹ bá dé orí tábìlì tí ẹ kò mọ̀, ẹ fi agbára yín yẹn gbá méjì tàbí mẹ́ta wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí rọ́bà kan kì í ta bí òmíràn.