Ojú ń tì mí láti wá agbẹjọ́rò fún ọkọ mi tí ọkọ̀ rẹ̀ pa ènìyàn

Ẹ̀yin ìyá wa,
Bọ́ọ̀sì ni bàbá àwọn ọmọ mi ń wà láti Òṣogbo sí Ìkìrun. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, owó ojúmọ́ ló ń san fún ọlọ́kọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó kọlu ọ̀kadà, obìnrin tí ọlọ́kadà gbé sẹ́yìn sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Òru mẹ́ta ni ọkọ mi sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ó tó rí béèlì. Ilé ẹjọ́ ló kù. Ọlọ́kọ̀ ní òun yóò fún wa ní agbẹjọ́rò òun, pé kí a ṣáà má dárúkọ bíréèkì, kí a sì pa ohùn tí ọkọ mi fi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí ó sá lọ sí Kútọnu. Pásítọ̀ wa ní kí ó sọ pé òun jẹ̀bi kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Ojú ń ti èmi láti wá ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀, torí ọmọ méjì ni olóògbé fi sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
Ìyàwó Awakọ̀, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.

Ìyàwó Awakọ̀, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Ojútì tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé láti ọjọ́ yìí. Ilé ẹjọ́ kò ní béèrè bóyá ènìyàn kú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó kú, kò sì sí agbẹjọ́rò tí yóò sọ pé kò kú. Ohun tí adájọ́ yóò wọ̀n ni bí ọkọ rẹ ṣe wa ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn: ṣé eré àsápajúdé ló ń sá, ṣé ó gba ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣé ó mutí, ṣé ìwakọ̀ rẹ̀ gan-an ló fa ikú náà. Ìjàǹbá nìkan kò tó láti sọ awakọ̀ di ọ̀daràn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ìjọba yóò fi fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò tó bá wù ú àti àkókò tó tó láti múra. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí ìwé náà tó dé, pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tí pásítọ̀ yín sọ dára ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní kóòtù, bí akọ̀wé bá ka ẹ̀sùn tí ọkọ rẹ sì ní òun jẹ̀bi, kì í ṣe pé ó ń sọ pé ikú obìnrin náà dun òun. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn ló gbà yẹn, títí kan eré tí ó lè má sá àti àìbìkítà tí ó lè má hù. Ẹ̀sùn wíwa ọkọ̀ níwàkuwà tó yọrí sí ikú lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 lábẹ́ òfin òpópónà ti ìjọba àpapọ̀, bí ó bá sì jẹ́ ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ ni wọ́n fi kàn án, òfin ọ̀daràn fàyè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ó ṣeé ṣe kí agbẹjọ́rò wo gbogbo ẹ̀rí tán, kí ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gba ẹ̀bi, kí ó bẹ adájọ́ fún àánú. Ìyẹn yàtọ̀, nítorí ojú ti rí ohun tó wà nínú fáìlì kí ẹnu tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Kútọnu kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó dúró béèlì fún un ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá, bí wọ́n bá sì mú ọkọ rẹ padà, ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà ni yóò ti máa retí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì dáadáa. Nínú bébà kékeré tí o fi há lẹ́tà rẹ, o kọ ohun tí ohùn náà sọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìjàǹbá: “Ọ̀gá, bíréèkì yìí ti ń wọlẹ̀ o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń pọ́ǹpù ú kí ó tó mú,” ọlọ́kọ̀ sì fèsì pé kí ó ṣì máa rọra wà á títí di Sátidé. Ohùn yìí lè gba ọkọ rẹ, ó sì lè kó bá a. Bí bíréèkì bá ṣàdédé já tí awakọ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ààbò ni fún un níwájú òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé bíréèkì òun kò mú, tó sì tún kó èrò, agbẹjọ́rò ìjọba yóò bi í pé kí ló dé tí kò gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀, ohùn kan náà fi hàn pé ó kìlọ̀, pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló ní kí ó máa wà á, èyí sì lè mú kí ìyà rẹ̀ fúyẹ́, ó tún lè mú kí wọ́n ké sí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ wá ṣàlàyé. Ìdí nìyẹn tí ó fi fẹ́ kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wa táńkà fún ọdún púpọ̀ máa ń sọ pé ọlọ́kọ̀ ló ń jẹ owó bíréèkì, awakọ̀ ló ń jẹ gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kí ẹ sì wá agbẹjọ́rò tiyín, nítorí ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ àti ti awakọ̀ bá forí gbárí, ẹni tó ń san owó ni agbẹjọ́rò yẹn yóò máa wojú rẹ̀. Ẹ má ṣe pa ohùn náà rẹ́; bíba ẹ̀rí jẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni nínú òfin. Ẹ má sì gbé e fún àwọn ará gáréèjì gbọ́. Agbẹjọ́rò ni kí ẹ kó gbogbo òtítọ́ fún, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, torí ohun tí ẹ bá bá a sọ lórí ẹjọ́ yìí, àṣírí ni.

Bọ́ọ̀sì tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, yẹ̀ ẹ́ wò kí mẹkáníìkì kankan tó fọwọ́ kàn án. Bí ọlọ́kọ̀ bá tètè lọ tún un ṣe, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Kí ẹ̀yin náà padà sí ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ní irú àsìkò alẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò iná ojú pópó tí kò tàn, kòtò, òkìtì yanrìn tí o ní ẹni tó ń kọ́lé dà sí ẹ̀gbẹ́ títì, àti ipa táyà bí òjò kò bá tíì fọ̀ ọ́. Ìyá tó ń sun àgbàdo níbẹ̀, tó ní ọlọ́kadà kò tan iná tó sì ṣàdédé já sójú títì, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ kí agbẹjọ́rò lè bá a sọ̀rọ̀, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀bi ọlọ́kadà kò nu ti awakọ̀ nù, àfi bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ìwakọ̀ ọkọ rẹ kọ́ ló fa ikú náà. Wọn yóò béèrè eré tó ń sá, torí kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin mọ láàárín ìlú.

O ní Yorùbá ni ó fi sọ̀rọ̀, tí ọlọ́pàá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sítétímẹ́ǹtì, tí wọ́n sì ní kí ó tẹ̀ka. Agbẹjọ́rò yóò fẹ́ mọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, àti bóyá wọ́n kà á sí i létí, nítorí ó yẹ kí ẹni tó túmọ̀ wá jẹ́rìí ní kóòtù. Ẹ sọ ti òru mẹ́ta náà fún un pẹ̀lú: níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé ènìyàn dé iwájú adájọ́. Bí wọ́n bá tún pè é, kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí agbẹjọ́rò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa fún un láyè láti dákẹ́ títí yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa fún ènìyàn ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́ wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó di 70,000 náírà ní ọdún 2024.

Ẹ lọ kí ìdílé olóògbé. Àwọn àgbà ilé ni kí ó ṣíwájú, lẹ́yìn tí agbẹjọ́rò bá ti gbọ́ sí i. Owó ìsìnkú tí agbára yín bá ká kò burú, àṣà wa ni, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan níbẹ̀, ẹ má sì rò pé bí wọ́n bá dárí jì yín ẹjọ́ ti parí, nítorí ìjọba ló ni ẹjọ́ ọ̀daràn. Owó tó lè di ohun ìtọ́jú fún àwọn ọmọ méjì yẹn, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò ló yẹ kí ó ti wá. Ìwé adójútòfò tí wọ́n ń pè ní third party jẹ́ dandan fún gbogbo ọkọ̀, ẹ béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀.

Ẹ̀wù tí o ká sínú ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn, tí o ń bi mí bóyá kí o fọ̀: má tíì fọ̀ ọ́. O ní ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ló gbé obìnrin náà sọ́kàn àyà títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Òfin ní kí awakọ̀ dúró, ó sì dúró. Gbé ẹ̀wù náà lọ bá agbẹjọ́rò bí ó ṣe wà.