Èsì: fífọwọ́ tẹ waypoint sínú GPS bàálù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ẹ lè fọwọ́ ara yín tẹ waypoint (àmì ibi kan lójú ọ̀nà bàálù) sínú GPS, kí ẹ tẹ̀lé e balẹ̀ sí Adó-Èkìtì nígbà tí ìkùukùu bá bo ilẹ̀. Rárá o! Inú dátábéèsì ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń pe ọ̀nà ìbalẹ̀ jáde, lódindi. Pẹ̀lú gbogbo òkè Èkìtì yìí kẹ̀?

Fún àmì ojú ọ̀nà lásán, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìṣẹ́jú àáyá: bí ẹ̀rọ yín bá ń lo ìṣẹ́jú oní-désímà, 7°37′30″ (dígírì 7, ìṣẹ́jú 37, ìṣẹ́jú àáyá 30) kì í ṣe ìṣẹ́jú 37.30, 37.50 ni. Àṣìṣe yẹn nìkan, bíi mítà 370 ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi bó ṣe jìnnà sí VOR kan (ẹ̀rọ rédíò orí ilẹ̀ tí bàálù fi ń mọ ọ̀nà) wé máàpù.