Abẹ̀bẹ̀ ni àbí idà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní London. Bàbá òyìnbó kan tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́fà ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Ohun ìjà àtijọ́ kún yàrá rẹ̀ kan fọ́fọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí n mú ọ̀kan tó bá ti ilẹ̀ wa wá. Irin ni èyí tí mo mú, ó ti dógùn-ún díẹ̀. Ojú rẹ̀ fẹ̀ bí ewé, wọ́n dá ihò oníṣẹ́ ọnà sí i lára, òrùka ńlá kan sì wà ní ìdí èèkù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun ni, ó ní kí n gbé e jáde nílé. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Kí ni mo gbé sílé, ẹ jọ̀ọ́?
Ìyá Bọ̀dé, Peckham.

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ̀dé, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó fọkàn balẹ̀. Idẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun, ojú rẹ̀ a sì máa rí róbótó. Idà oyè Ìbìní lèyí, eben làwọn Ẹ̀dó ń pè é. Òrùka ìdí èèkù yẹn ni mo kọ́kọ́ wò.

Fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ wò, jẹ́jẹ́ o. Kò mú. Irin tí wọ́n lu ihò sí lára báyẹn, ta ni yóò gbé e lọ sójú ogun? A ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Èèkù tìrẹ yìí kò lè gbẹ̀san baba ẹnikẹ́ni.

Ijó ni wọ́n ń fi í jó. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé Ìbìní. Nígbà ọdún, ìjòyè á jó dé iwájú Ọba, á ju eben sókè, á máa yí bírí lófuurufú, á sì tún hán an. Lọ́jọ́ kan ó kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ bàbá kan. Gbogbo àgbàlá pa lọ́lọ́, àfi ìgbà tó rí i gbá mú. Èyí tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ààfin máa ń gbé ṣáájú Ọba yàtọ̀. Ada lorúkọ ìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí àdá tiwa. Ní Ọ̀wọ̀, ìlú ìyá mi, idà oyè tí à ń pè ní ùdàmalóre làwọn ìjòyè ń so mọ́ ìbàdí, wọn kì í jù ú.

Wọ́n ṣì ń rọ eben títí dòní, nítorí náà tìrẹ lè má jẹ́ ti àtijọ́. Wo ibi tí òrùka ti so mọ́ èèkù: ṣé òòlù ni wọ́n fi lù ú pọ̀, àbí wẹ́dà ló jó o? Má fi kàn-ìn-kàn-ìn onírin fọ̀ ọ́ kí o tó wò ó.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni bó ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ìbìní ní ìkógun, nígbà tó sì yá lọ́dún náà, wọ́n gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Bi ọmọ olóògbé náà bóyá ìwé rírà wà, tàbí bóyá bàbá-bàbá rẹ̀ ṣe sójà. Bó bá jẹ́ ẹrù 1897 ni, Ọba ló ni ín. Ìjọba Nàìjíríà ti kéde bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2023. Horniman, ilé àkójọ ohun àtijọ́ tó wà ní Forest Hill, nítòsí yín níbẹ̀, ti fa ẹ̀tọ́ níní ohun 72 tí wọ́n kó ní Ìbìní lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní 2022. Kọ̀wé sí wọn.

Fọ́tò nìkan ni kí o fi ránṣẹ́ o. Má ki idà bọ àpò, kí o gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn. Ọlọ́pàá London kò mọ eben.