Kí ẹ tó kọ lẹ́tà mìíràn, ẹ ṣírò iye tí ọmọ kan ń ná yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹgbẹ́ yín ń kọ́ àwọn ọmọ òrukàn ní Òṣogbo, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ 40 láti tọrọ owó, ẹnikẹ́ni ò dá yín lóhùn, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ kúkú máa ṣe píọ̀ wọ́tà tà. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Abẹ́òkúta ni mo wà, a ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn ò lówó níṣẹ́ aṣọ rírán lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni èmi náà fi kọ lẹ́tà. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú bi mí pé, "Ọmọ kan ńkọ́, èló ni yóò ná yín kó tó mọṣẹ́?" Mi ò mọ̀. Ojú tì mí gan-an. Ìyá yìí mọ iye aró tó ń wọ inú aṣọ kan, èmi tí mò ń tọrọ owó ò mọ iye tí iṣẹ́ mi ń jẹ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó ti ìwé: òwú, abẹ́rẹ́, aṣọ tí wọ́n fi ń kọ́ gígé, epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ olùkọ́, àtúnṣe máṣíìnì, owó ilé. Mo pín in sí ọ̀nà 14, torí ọmọ 14 la ní. Ó jẹ́ 11,500 náírà lóṣù fún ọmọ kan. Mo padà sí Ìtòkú, mo ní, "Ìyá, 11,500 ni, oṣù mẹ́wàá." Ó ka ti oṣù kan lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí oṣù parí, mo mú búbà tí ọmọ náà rán lọ hàn án. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi èékánná fa ojú ibi tí wọ́n rán, ó ní apá òsì wọ́. Lẹ́yìn náà ló san ti oṣù kejì. Ní oṣù kẹta, ó mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wá. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fún wa ní owó, ì báà ṣe 1,000 náírà, a gbọ́dọ̀ padà lọ fi ohun tí owó rẹ̀ ṣe hàn án kí oṣù tó yí.

Ní ti òwò, òun ló dá egbò sí mi lára. Iléèwé kan gba aṣọ 80 lọ́wọ́ wa ní àwìn, sáà méjì kọjá kí wọ́n tó san án. Owó òwú àwọn ọmọ la sì fi ra aṣọ náà. Olùkọ́ wa ò gba owó fún oṣù méjì, ọmọ mẹ́ta sì lọ tí wọn ò padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó kà pé irú nǹkan báyìí ló mú kí BRAC, ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́ ní Bangladesh, ṣí ṣọ́ọ̀bù Aarong ní 1978: àwọn olùtajà ní Dhaka ń gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin abúlé, ó sì ń pẹ́ kí wọ́n tó sanwó. Ìdajì owó la ń gbà ṣáájú báyìí, àkáǹtì òwò sì yàtọ̀ sí ti owó tí àwọn èèyàn dá. Ẹ má gbàgbé pé CAMA ti 2020, òfin tó de àwọn iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ pín èrè, èrè òwò sì lè fa owó orí.

Ẹ fi píọ̀ wọ́tà sílẹ̀. Ó ń fẹ́ ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC, kò sì bá iṣẹ́ yín tan. Ẹ ṣírò ti ọmọ kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.