Màmá mi já olú nínú igbó níbí: ṣé ká sè é?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá mi wá kí wa láti Ọ̀fà sí Ìlú Ọba níbí. Ewé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ tán lórí igi, ni àwa àti wọn pẹ̀lú ọmọ mi ọlọ́dún 7 bá rìn wọ igbó ẹ̀yìn ilé. Wọ́n já olú nídìí igi oak, wọ́n ní irú èyí tó ń hù nílé níbi tí wọ́n ti ń fún epo ni. Ó wà nínú fíríìjì báyìí. Mi ò fẹ́ bà wọ́n nínú jẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kó kan iná o! Ẹ gbé e kúrò nídìí oúnjẹ báyìí-báyìí.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, màmá mi á jí mi, ó di ìdí ògán. Wọn kì í fa olú tu. Wọ́n á ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ewé kókò tòun terùpẹ̀. Nítorí náà, màmá yín mọ olú. Ilẹ̀ yìí ni wọn ò mọ̀.

Olú kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní death cap, ìdí igi oak gan-an ló fẹ́ràn. Inú àpò funfun bí ẹyin ló ti ń yọ, bíi ti olú ibi epo yẹn gẹ́lẹ́. Tó bá gbó, abẹ́ ti ilé á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ti èyí á funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tí méjèèjì ṣì kéré, ojú lásán ò lè yà wọ́n. Iná ò pa májèlé rẹ̀. Ìdajì ẹyọ kan lè pa àgbàlagbà. Ó lè tó wákàtí 6 sí 12 kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀, ara á tún fúyẹ́, ẹ ó rò pé ó ti tán, àṣé ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ lábẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tọ́ ọ wò, ẹ má dúró de inú rírun: ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ mú èyí tó ṣẹ́kù dání.

Ẹ má sọ fún màmá pé wọ́n ṣì í mú. Nígbà tí tèmi wá, mo bi wọ́n pé, "Màmá, ikán tó ń gbin olú sídìí ògán nílé, kò sí níbí. Ta ló wá gbin èyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn dà á nù. Mo ra olú ọjà fún wọn, wọ́n fi se ẹ̀gúsí. Ọmọ mi jókòó tì wọ́n, ó ń bi wọ́n bí ikán ṣe ń dáko.