Ṣé fọ́ǹtì rọ̀bọ̀tọ̀ ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí bọ́ọ̀dù mi látòkèèrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ ṣí jẹ́lé-ó-sinmi ní Kàbà, mo sì fẹ́ràn àwọn fọ́ǹtì rọ̀bọ̀tọ̀, ìyẹn irú lẹ́tà sísanra tó dà bíi pé ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Ẹni tó ń bá mi ṣe bọ́ọ̀dù ní kí n fi kọ gbogbo ẹ̀, orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù, pé bí lẹ́tà bá ṣe sanra tó ni wọ́n ṣe máa rí i tó. Èwo ni kí n lò?

Ìdáhùn: Òkun o, ma. Ká kọ́kọ́ yanjú ohun tí onítọ̀hún sọ fún yín ná, torí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń fi gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ó sì ń bí mi nínú. Irọ́ ni. Kì í ṣe sísanra lẹ́tà ló ń jẹ́ ká rí i kà, gíga ẹ̀ ni, àti àyè tó wà nínú ẹ̀. Ẹ wo e, a, 6, 8, 9, ihò inú wọn lojú fi ń dá wọn mọ̀, fọ́ǹtì rọ̀bọ̀tọ̀ sì ti dí ihò yẹn kù bíńtín, tẹ́ ẹ bá wá fi kọ nọ́ńbà fóònù wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ bọ́ọ̀dù, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ò ní mọ̀ bóyá 8 ni àbí 6, ẹlòmíì ló máa lọ pè. Ìṣirò tí àwa oníbọ́ọ̀dù sábà máa ń lò ni pé kí lẹ́tà ga tó ínṣì 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 10, so tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kà á láti ẹsẹ̀ bàtà 100 láìfún ojú pọ̀, ínṣì 10 nìyẹn. Mi ò tíì rí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ri bọ́ọ̀dù mọ́ o, ẹ wọn ọ̀nà yẹn fúnra yín.

Orúkọ ilé-ìwé nìkan ni kẹ́ ẹ fi fọ́ǹtì rọ̀bọ̀tọ̀ kọ, fọ́ǹtì lásán tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ ìyókù. Fredoka, Chewy àti Luckiest Guy wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts, ìkànnì Google tí wọ́n ti ń gba fọ́ǹtì, ẹ sì lè fi ṣòwò. Cooper Black tó jáde ní 1922 náà rẹwà, àmọ́ rírà ni wọ́n ń rà á. Àwọn tẹ́ ẹ bá rí káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ìwé àṣẹ wọn, púpọ̀ nínú wọn ò gbà kéèyàn fi pawó, èmi kì í ṣe lọ́yà o. Fọ́ǹtì rọ̀bọ̀tọ̀ dáa lára ike zobo, páálí pọ̀fù-pọ̀fù, aṣọ ọmọdé, ìwé ìpè ọjọ́ìbí. Ẹ má fi kọ sáttífíkéètì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi kọ ìwé ìsìnkú.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹ, ọ, ṣ. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì báyìí ò ní wọn, kọ̀ǹpútà á wá lọ yá lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ látinú fọ́ǹtì míì kì bọ àárín, dìsáínà á rí i pé kò dáa, á kàn yọ àmì ìsàlẹ̀ dànù. Ẹ má gbà. Ẹ ní kó tẹ Ẹ̀gbẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ kẹ́ ẹ wò ó, torí àwọn fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe kó gba èdè Vietnam máa ń ní ẹ àti ọ kí ṣ má sí níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó ma, ẹ ní kó tẹ orúkọ yẹn sórí pépà ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹni tí ò mọ orúkọ ilé-ìwé yín rí dúró sí òdìkejì títì kó kà á. Tí kò bá lè kà á, ẹ má jẹ́ kó tẹ flex kankan, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń tẹ bọ́ọ̀dù sí.